Mo fẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìjọba sílẹ̀ l'Ábùjá, kí n lọ ṣòwò n'Ísẹ́yìn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Kòso kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í kàn dá sí i ni. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan l'Ábùjá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ọdún 2009 ni mo wọlé, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 13 ni mo wà báyìí, ọjọ́ orí mi ò tíì pé márùndínláàádọ́ta.

Kì í ṣe pé ìyà ń jẹ mí. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo kọ́ níléèwé kọ́ ni mò ń ṣe mọ́. Mẹ́mò ni mò ń kọ láàárọ̀, mẹ́mò ni mò ń kọ lọ́sàn-án. Bí sáfà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń so ìyókù pọ̀, bá bàjẹ́, fáìlì á gòkè, fáìlì á sọ̀, títí owó àtúnṣe á fi jáde, gbogbo èèyàn á ti padà sórí bébà. Ìyá mi sì ń dàgbà, òun nìkan ló kù nílé. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo rí i pé Ìsẹ́yìn ti yàtọ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà ti dára, yunifásítì LAUTECH ti gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn wá, àgọ́ àwọn kọ́pà ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Èrò mi ni kí n kọ́ gbọ̀ngàn CBT, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣèdánwò, tí JAMB á máa lò, kí n fi ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi, owó mi tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti pùlọ́ọ̀tì kan tí mo ní ní Kúbwà, gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kó lé e. Ṣé kí n ṣe é? Kí ló yẹ kí n ti parí kí n tó fi ìwé sílẹ̀? Ẹ má wojú mi, ẹ sọ ojú abẹ níkòó.

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Mo kà á tán, mi ò rí ìyàwó, mi ò rí ọmọ nínú rẹ̀. Ṣé wọ́n mọ̀ sí i, àbí orí ayélujára ni wọ́n ti máa kà á bíi tiwa?

Ọmọ Kòso:

Màmá, wọ́n mọ̀ o. Olùkọ́ ni ìyàwó mi. Ó ní òun á bá mi lọ, àfi kí n kọ́kọ́ ya owó iléèwé àwọn ọmọ fún ọdún kan sọ́tọ̀, kí n má sì fọwọ́ kàn án bó ti wù kí ọjà le tó.

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ. Ohun tó sọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀gá Fáìlì:

Àbúrò, èmi ti fẹ̀yìn tì ní tèmi. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti lo ayé mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìwé ni màá sọ. Ẹni tó mọ ọjà á sọ ti ọjà.

Má ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan kó o tó kúrò. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ karùn-ún, kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún láyè láti máa ṣòwò tara rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Tó o bá ní ilẹ̀ n'Ísẹ́yìn, o lè ti gbin ẹ̀gẹ́ àti kajú síbẹ̀ láti òní, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Àwọn tó ń forúkọ ìyàwó ṣe é, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n pọ̀. Mi ò ní fi ìyẹn gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Ìwé tó o máa kọ náà, rò ó dáadáa. Ẹni tó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì àti ẹni tó ní òun fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìjọba ń wò wọ́n. Lọ jókòó ti ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ jọ wo èyí tó bá iye ọdún tó o ti lò mu. Fún ìfẹ̀yìntì, oṣù 3 ṣáájú ni ìlànà iṣẹ́ ìjọba ní kó o ti fi tó wọn létí. Má sì kọ ọ́ lọ́jọ́ tínú bá ń bí ọ.

Èyí tó kàn ló jẹ mí lógún jù, torí mo rí i pé o ti ń ná owó tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ. Owó tó wà lọ́dọ̀ PFA rẹ, iléeṣẹ́ tó ń bá ọ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ, ìjọba ń fi ìdá 10 sí i. Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọmọ 50 ọdún tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àfi tó bá lo oṣù mẹ́rin láìríṣẹ́ mìíràn kó tó lè béèrè. Ohun tó sì lè gbà kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìyókù á jókòó síbẹ̀. Lọ gba sítétímẹ́ǹtì rẹ, pín in sọ́nà mẹ́rin, ọ̀kan ni tìrẹ báyìí. Kó o sì rántí pé wàá jẹun nínú oṣù mẹ́rin yẹn.

Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè tó o jẹ, wọ́n á tún wo gbèsè ẹni tó o ṣe onídùúró fún. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Tọ́ ọmọkùnrin ọ́fíìsì kejì tó o fọwọ́ síwèé fún lọ́jọ́sí lọ, kó o mọ ibi tó san án dé.

Ìwé ìkéde dúkìá náà ń bẹ. Wọ́n ń gbà á nígbà ìwọlé, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti nígbà ìjáde. Bí owó oṣù bá sì ṣèèṣì wọlé lẹ́yìn tó o ti lọ, má fọwọ́ kàn án, wọ́n á padà wá gbà á.

Aṣọ́sáfà:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwa oní-kọ̀ǹpútà kún ti bàbá. Pásíwọ́ọ̀dù. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: sáfà, ráútà, orúkọ ìkànnì, ìméèlì tí wọ́n ń fi ìwé owó ọdọọdún ránṣẹ́ sí. Tí orúkọ ìkànnì iléeṣẹ́ bá wà lórí ìméèlì tara rẹ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wọ́pọ̀), gbé e kúrò níbẹ̀. Kí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ yí pásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lójú rẹ, kó fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ sí i, kó o mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá jò ní ọ́fíìsì yẹn, orúkọ ẹni tó ti lọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá.

Ọmọ Kòso:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Tó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ni, a jẹ́ pé pùlọ́ọ̀tì Kúbwà ló máa gbé iṣẹ́ náà. Ṣé CBT ṣì ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Kọ̀ǹpútà Ṣakí:

Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ rí, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń jókòó sí báyìí. Jẹ́ ká jọ ṣírò CBT yìí.

JAMB kì í fún ẹni tó ní ogún tàbí ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà láyè. 250 ni wọ́n ń béèrè, kó o tún ní èyí tó máa rọ́pò èyí tó bá kú, ká má tíì sọ ti kámẹ́rà, àga, ẹ̀rọ amúlétutù. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 100 péré, 250 á jẹ kílówáàtì 25, a ò tíì tan fáànù kan. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ńlá ló máa gbé ìyẹn, méjì sì ni wàá rà, torí bí ọ̀kan bá kú láàárín ìdánwò, ìwọ ni àwọn òbí máa wá bá lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí, JAMB ló máa sọ iye tí wàá gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n sì ń lò ó lọ́dún? Ìforúkọsílẹ̀, ìdánrawò, ìdánwò gan-an, ó parí. Oṣù tó kù, eruku àti eku ló ni ín. (Eku ń jẹ wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì o. Wọn ò kọ́ wa nìyẹn ní yunifásítì.)

Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń jèrè níbẹ̀, onílé ìwé ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ wà, gbọ̀ngàn wà, jẹnẹrétọ̀ wà, àwọn ọmọ wọn sì ń fi kọ̀ǹpútà náà kẹ́kọ̀ọ́ láti January dé December.

Ohun tí ará ìlú ń wá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ni ẹni tó máa bá wọn parí ọ̀rọ̀ ìwé tó ti há. Wò ó bó ṣe máa ń rí lásìkò JAMB. Ọmọ á wọlé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Kí ọmọ tó lè forúkọ sílẹ̀ rárá, ó gbọ́dọ̀ fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 lórí fóònù, kí wọ́n fi kóòdù ránṣẹ́ padà sí i. Fóònù ta ni wọ́n mú wá? Ti bùrọ̀dá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi nọ́ńbà yẹn ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà tí ẹnì kan bá sì ti lò, ẹlòmíì ò lè lò ó mọ́. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra síìmù tuntun. Síìmù náà ń béèrè NIN. Wọ́n mú ìwé NIN jáde, wọ́n kọ "Rasaki" síbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ń pe ọmọ ní "Abdulrasaq". Bàbá ti ń gbójú mọ́ ọmọ nígbà yẹn, ọmọ ti ń wolẹ̀.

Ẹni tó bá lè fi wọ́n jókòó, tó mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, àti ìwé tó yẹ kí wọ́n mú dání, òun náà ni bàbá yẹn máa padà wá bá fún ìwé ilẹ̀, ìwé ẹgbẹ́, ìwé ìrìn àjò Mẹ́kà. Ìforúkọsílẹ̀ JAMB fúnra rẹ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe é, má dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìmúrasílẹ̀ ni tìrẹ. Ìwọ tó o ti lo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn láàárín fáìlì, o mọ ìdí tí ìwé fi ń há. Ohun tó o ní tí àwọn ọmọ tó kọ́ kọ̀ǹpútà nígboro ò ní nìyẹn. Ká tẹ lẹ́tà, ká tẹ̀wé, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n.

Owó ìlú kékeré, àsìkò ló ń tẹ̀ lé. Ìparí táàmù ni tàwọn iléèwé aládàáni. Tó o bá ní ẹ̀rọ Ríso tó ń tẹ ẹ̀dà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Wàhálà ibẹ̀ ni àwìn: wọ́n á ní kí owó iléèwé wọlé ná. Gba ìdajì owó kó o tó tẹ ojú ewé àkọ́kọ́. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, ti ọjọ́ kìíní ìdánwò nìkan ni kó o gbé fún wọn, kí wọ́n mówó wá gba ti ọjọ́ kejì. Kò sí hẹdimásítà tó máa jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó lásán lọ́jọ́ kejì ìdánwò. Ṣáájú ààwẹ̀ Ramadan, àwọn olówó àti olóṣèlú á fẹ́ tẹ ìwé àsìkò sààrì àti ìṣínu tòun ti fọ́tò wọn gàdàgbà. Tàwọn yẹn, gba owó rẹ pé kó o tó tan ẹ̀rọ. Ìgbà tí àwọn kọ́pà bá ń wọ àgọ́, fọ́tò pélébé àti ẹ̀dà ìwé. Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ò ní àsìkò, àmọ́ December ló pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ "ọmọ wa ni" ń bọ̀ wá bá ọ, o ò lè sá fún un. Lẹ́tà ààfin, tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, má tiẹ̀ béèrè owó bébà. Ti ìyókù, kọ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí pátákó gbàgàdà, kí ọmọ iṣẹ́ máa gbowó, ìwọ má jókòó sídìí dúrọ́ọ̀. Ọmọ iṣẹ́ lè sọ pé ọ̀gá ò sí nítòsí. Ìwọ ò lè sọ ọ́ fún àbúrò ìyá rẹ.

Tẹ̀lé-n-tẹ̀lé:

Mò ń fetí sí yín o. Lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 12, Ìlọrin.

Olùdarí Iléèwé:

Bàbá Ṣakí, gbogbo rẹ̀ ni mo bá yín lọ́wọ́ sí, ó ku ibì kan. Ẹ má lé arákùnrin yìí kúrò nídìí CBT pátápátá. Èmi ní gbọ̀ngàn. Ohun tí mi ò ní ni ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà ogójì bá já kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ọmọ ń wò wá lójú. Ìbàdàn la ti ń gbé àwọn tó ń tún un ṣe wá. A ń san owó ọkọ̀, a ń san owó òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì máa ń dé nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán. Kó má ra kọ̀ǹpútà kankan. Kó wá bá àwa tá a ní gbọ̀ngàn ní Òkè-Ògùn ṣàdéhùn ìtọ́jú lọ́dọọdún, kó máa wá yẹ wáyà, bátìrì àti sáfà wò kí àsìkò tó dé. Àwa mẹ́rin tàbí márùn-ún tá a bá para pọ̀ máa san án dáadáa, a ò sì ní jẹ ẹ́ ní gbèsè, torí àwa náà mọ̀ pé ọjọ́ ìdánwò ń bọ̀.

Bàbá Kọ̀ǹpútà Ṣakí:

Mo gbà. Èyí dára ju tèmi lọ. Kó kọ àdéhùn náà sílẹ̀ ṣá o.

Àdùkẹ́ Peckham:

Ìsẹ́yìn lẹ dárúkọ, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba aṣọ òkè! Àwa tá a wà ní London níbí, kò sí ìgbéyàwó tá a máa ṣe tá ò ní rà á, a ò sì mọ ẹni tó hun ún. Ẹnì kẹta, ẹnì kẹrin la ti ń rà á. Ohun tó ń bà wá nínú jẹ́ ni àwọ̀. Ẹbí ìyàwó rà á nínú oṣù kẹrin, ẹni tó gbọ́ ìpè pẹ́ rà á nínú oṣù kẹfà, "búlúù kan náà" ni wọ́n ní káwọn rà. Nígbà tá a dé gbọ̀ngàn, búlúù méjì tí ò mọ ara wọn. Wọ́n ní òwú tí wọ́n rà lẹ́yìn ló yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá lè ra òwú gbogbo ẹbí lẹ́ẹ̀kan, kó gé díẹ̀ pamọ́ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kó fi nọ́ńbà sí i, kó kọ ọ́ síbi tí ò ti ní sọnù, kó máa fi fọ́tò hàn wá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àá san ju owó ọjà lọ fún un, inú wa á sì dùn. Ẹ ò nílò ìkànnì olówó ńlá. WhatsApp àti ìwé àkọsílẹ̀ tó mọ́ ti tó.

Ọmọ Ahunṣọ:

Ẹ̀gbọ́n mi ní London, òótọ́ lẹ sọ. Ìdí òfì ni mo wà báyìí tí mò ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa fún ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ wálé. Tẹ́ ẹ bá gba irú iṣẹ́ yìí, ẹ fún ahunṣọ lówó òwú ṣáájú, kẹ́ ẹ má sì torí pé ọjọ́ ti súnmọ́ pín in fún èèyàn mẹ́wàá. Ọwọ́ ò dọ́gba. Ẹnì kan á gbá a le, ẹlòmíì á gbá a dẹ̀. Tí wọ́n bá rán an pọ̀ mọ́ ara wọn, ó máa hàn lára gèlè. Ahunṣọ méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ wọn jọra, kẹ́ ẹ fún wọn lákòókò.

Ọmọ Kòso:

Ahunṣọ ni bàbá tó bí ìyá mi. Mi ò tiẹ̀ ronú kàn án rárá pé èèyàn lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àdùkẹ́, màá kàn sí yín.

Ọmọ Ọjà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì béèrè nípa POS, mo sì mọ̀ pé ẹ máa fi kún un, torí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti Abùjá ló ń fi kún un. Kò burú, ó ń mú ẹsẹ̀ èèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí ẹnì kan má gbà ju 100,000 náírà lọ lóòjọ́ nídìí POS, kí ẹni tó ń ṣe POS náà má sì san ju mílíọ̀nù 1.2 lọ lóòjọ́. Káàṣì gan-an la ń wá kiri. Ìrọ̀lẹ́ la ń lọ rà á lọ́wọ́ ilé epo àti àwọn alájàpá, àwọn náà ń jẹ tiwọn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé ní February 2023 nígbà tí náírà dàwátì á rántí bó ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí owó sùn ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì jẹ́ kí èèyàn kan ṣoṣo mọ ọ̀nà tí owó ń gbà délé.

Aṣọ́sáfà:

Ohun méjì péré. Ìforúkọsílẹ̀ NIN, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́nikẹ́ni bá ní kó o wá máa gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà abúlé, má bá a lọ. Ká tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ká bá èèyàn wo ibi tí àṣìṣe wà, ìyẹn lówó lórí.

Èkejì, fáìlì àwọn èèyàn. Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù tí NIN, BVN àti fọ́tò gbogbo àdúgbò wà lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ fáìlì sì ni "alhaja 1", "alhaja 2". Òfin ìdáàbòbò dátà ti wà láti ọdún 2023, ìwọ ló sì yẹ kó yé jù lọ. Iṣẹ́ parí, pa fáìlì rẹ́ lójú oníbàárà. Tó bá ní kó o bá òun tọ́jú rẹ̀, fi sórí fúláàṣì tirẹ̀, kó mú un lọ sílé.

Aláìná:

Ẹ má gbàgbé iná. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ti orí tábìlì sílẹ̀. Wáàtì 50 kò tó nǹkan lára ínfátà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà ló ń pa àwọn èèyàn. Tó bá ń gbóná láti tẹ̀wé, ó lè fà ju wáàtì 500 lọ, ínfátà kékeré á kàn ké pẹ́ẹ́. Èyí tó ń lo ìńkì inú táǹkì ò jẹ tó wáàtì 20, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ni, ẹni tó wá tẹ ojú ewé mẹ́ta ò ní mọ̀. Ínfátà 3.5 kVA pẹ̀lú bátìrì lítíọ́ọ̀mù á gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mẹ́rin, ráútà, gílóòbù àti ẹ̀rọ oní-táǹkì méjì pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ríso àti ẹ̀rọ adàwékọ ńlá, ẹ fi wọ́n sí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ kó iṣẹ́ wọn jọ sí wákàtí kan. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí ẹ̀dà ìwé, òun ló ń sanwó fún oníbàárà.

Ọmọ Kòso:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ta Kúbwà mọ́. N'Ísẹ́yìn ni màá ti lo lẹ́ẹ̀fù ọdún yìí, màá lọ kí àwọn onílé ìwé tó ní gbọ̀ngàn, màá dé ìdí òfì. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ á wọlẹ̀ ní ilẹ̀ bàbá mi kí òjò tó dá. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé orúkọ òwò ni kí n gbà ní CAC, àjọ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, àbí kọ́ńpìnnì? Àti pé ṣọ́ọ̀bù, ṣé ẹ̀bá ààfin ni àbí ẹ̀bá àgọ́ kọ́pà?

Ọ̀gá Fáìlì:

Orúkọ òwò ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, tó o bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2020 ni òfin ti gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí iléèwé tàbí iléeṣẹ́ ńlá bá ní kọ́ńpìnnì làwọn fẹ́ bá ṣàdéhùn, wàá sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú orúkọ òwò, owó orí tara rẹ ni wàá máa san fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kò lówó orí. Èrè ni mo wí, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé, torí náà tọ́jú rìsíìtì bébà, ìńkì àti epo. Àkáǹtì òwò yàtọ̀, àkáǹtì ilé yàtọ̀.

Ọmọ Ọjà:

Ẹ̀bá ààfin, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn kọ́pà ń lò ní àgọ́, tí wọ́n bá ti lọ, ẹ̀yin àti ọlọ́kadà lẹ máa máa wo ara yín. Lásìkò tiwọn ẹ gbé tábìlì kan, kámẹ́rà kan àti ọmọ iṣẹ́ kan lọ síbẹ̀, ó tó. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bá máa gbà, ọdún kan ni kẹ́ ẹ san. Tí onílé bá ní méjì, ẹ wá òmíràn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ń múná wá, ẹnu rẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ òótọ́. Kẹ́ ẹ wá wo mítà: tó bá jẹ́ pé ẹni tó kó jáde jẹ gbèsè iná sílẹ̀, kí onílé san án tán kẹ́ ẹ tó kẹ́rù wọlé.